Gíláàsì Lẹ́nu Ògiri

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà

Káńsù ti fún wa lọ́jọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Igbe ni ọ̀gá ayẹ̀léwò wọn, ẹni tó ń yẹ ilé wò, máa wá fún ìgbà ìkẹyìn. Bó bá fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́ yìí di ti gbogbo àdúgbò. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á wó o, wọ́n á sì gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò sìmẹ́ńtì òdìkejì títì, ẹni tí kì í dáhùn kíkí mi mọ́ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò ti gba ilé náà mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi mí ṣe ọ̀gá iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀.

Lónìí a tú gbogbo gíláàsì orí òrùlé. Òrùlé eléyín ayùn ni, eyín kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò, oòrùn dà wọnú gbọ̀ngàn. Káfíńtà wa ló kọ́kọ́ lanu: "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí mà rẹwà ju ilé mi lọ o!" Kò parọ́. Ilẹ̀ onígi ni, igi tí wọ́n gé kéékèèké, tí wọ́n tò nàró bíi biríkì, tí epo ẹ̀rọ ti mu títí ó fi ń dán.

Mo dúró láàárín, mo rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí lójú ọkàn mi. Tábìlì àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìlà-oòrùn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ́kọ́ wọlé. Àwọn aránṣọ àti ẹ̀rọ àjọlò wọn ní àárín. Ibi ìjókòó àwọn àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè máa rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, torí ìyẹn gan-an ni oúnjẹ àgbà.

Tapólì la fi bo òrùlé títí gíláàsì tuntun á fi dé. Ooru mú gan-an. Òjò ṣì jìnnà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Àbúrò mi ọkùnrin wá wo ilé. Ìyá wa ló ti àga onítáyà tí àbúrò mi ń jókòó sí dé ẹnu géètì, ó sì dúró síbẹ̀. Kò wọlé. Ó kẹ̀yìn sí ilé náà, ó ń wo títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Mi ò rọ̀ ọ́. Inú gbọ̀ngàn yẹn ló fi etí rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ sí, nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, kò sì tíì dárí jì í.

Àbúrò mi ń sáré kiri lórí àga rẹ̀, ó ń kígbe, "Ẹ yà fún mi o, mi ò ní búrẹ́kì!" Nígbà tó dé ẹ̀bá ògiri ìlà-oòrùn, táyà iwájú rì sínú àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àga dojú dé. Iwájú orí rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí mi, ilé gbogbo èèyàn lẹ pè é, àbí ilé ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan?"

Ẹ̀rín ò pa mí. Mo pe bíríkìlà wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Má-kánjú, mo bi í pé kí ni àlàfo yìí wà fún. Ó ní ihò eku ni, ó ní sìmẹ́ńtì ló tán mọ́ àwọn tó kọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ní kó fi sìmẹ́ńtì dí i, yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Wọ́n ti dí i. Ó tẹ́jú bí ojú tábìlì. Má-kánjú kánjú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, nítorí àbúrò mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Gíláàsì tún ti gbówó lórí. Oníṣòwò rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ló máa dé. Ọjọ́ Ẹtì wo? Ó ní Ẹtì tó ń bọ̀. Mo mọ irú Ẹtì bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò! Nínú oṣù Ẹrẹ́nà! Ilé ni mo wà nígbà tí afẹ́fẹ́ gbéra, kí n tó dé ibẹ̀, tapólì mẹ́ta ti ya, ọ̀kan sì ti gbéra lọ sórí igi ní òpin àdúgbò. Omi bo ilẹ̀ gbọ̀ngàn dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Èmi àti Káfíńtà fi garawa gbọ́n ọn títí ọwọ́ wa fi kú. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, ó ń wò wá, kò sì mọ̀ pé mo rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Omi ti tán nílẹ̀. A nù ún, a fi tapólì tuntun bo òrùlé, a ṣí gbogbo fèrèsé. Ilẹ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí igi tó ṣí nípò. Mo yọ̀. Mo ra búrẹ́dì àti omi tútù fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Gbọ̀ngàn ń pariwo. Ariwo kékeré ni, kà, kà, bí ẹni ń fọ́ ìka. Láàárín gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ti yọ gègé bí ẹ̀yìn ológbò tó ń bínú. Káfíńtà dúró lé e, ó fò, ó ní kò tẹ̀. Inú mi ò balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ògiri ìlà-oòrùn ti là.

Láti òkè fèrèsé tó kángun sí igun ilé, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Mo ti ìka mi bọ̀ ọ́, ó gba ìka. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ògiri yẹn, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá láàárọ̀ àti ní ọ̀sán. Mo fi okùn dí ojú ọ̀nà fúnra mi. Lẹ́yìn náà mo gé gíláàsì tínrín kan, mo fi sìmẹ́ńtì lẹ orí rẹ̀ kan mọ́ apá ọ̀tún ibi tó là, mo lẹ ìkejì mọ́ apá òsì. Bí ògiri bá dúró jẹ́ẹ́, gíláàsì á wà lódindi. Bó bá ń rìn, gíláàsì á fọ́.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ sílé.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ó ti fọ́. Ó ya sí méjì, àyè sì ti wà láàárín àwọn méjèèjì.

Má-kánjú ní ìpìlẹ̀ ló ń rì. A gbẹ́ ilẹ̀ wò níta títí a fi kan ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi í sí, ó gbẹ, ó le. A fi igi ńláńlá ti ògiri náà láti ìta. Kí ló wá ń tì í? Ògiri kì í dédé rìn. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì kọjá, ó kí mi lónìí, ó tún rẹ́rìn-ín sí mi. Àbúrò mi gbọ́, ó ní, "Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ wo bí alángbá ṣe ń kí yín!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò láti àná. Mo lọ jẹun nílé Ìyá. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò ṣeé tì. Àbúrò mi fà á títí, ó ní ilẹ̀kùn yìí ti sanra ju òun lọ. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà, ó gbójú sókè, ó fi ohùn gíga rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ pariwo: "Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn lọ́rùn sílẹ̀ jàre! Igi mumi, ó wú. Bójú ọjọ́ bá gbẹ, á padà sáyè ẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Igi mumi, ó wú. Gbogbo ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn, láti ògiri dé ògiri, igi ni. Àlàfo ẹsẹ̀ ògiri kì í ṣe ihò eku, kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì ló tán. Àyè ni wọ́n fi sílẹ̀ kí igi lè rí ibi wú sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dí i. Nígbà tí igi ò wá ráyè mọ́, ògiri ló ń tì.

Àbúrò mi rí ojú mi, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó fọwọ́ pa ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀, kò dápàárá kankan. "Nítorí táyà mi ni." Mo ní rárá, nítorí ẹni tó dí nǹkan kó tó wádìí ohun tó wà fún ni. Ìyá ń wo ẹnu wa láti ẹnì kan dé ìkejì, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo kó Má-kánjú àti Káfíńtà jọ, mo sọ ọ́ fún wọn. Má-kánjú fi ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fọ́ sìmẹ́ńtì yẹn kíákíá. Ká dí ibi tó là, ká kùn ún lọ́dà. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó bá wó lù ló máa mọ̀," ni Káfíńtà dá a lóhùn.

"Ṣé mo bá ẹ sọ̀rọ̀ ni?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Mo ní mo máa sọ fún káńsù. Má-kánjú ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè ní ká wó o lọ́la?" Mo mọ̀. Ojúmọ́ ò tíì mọ́ lónìí tí mo ti ń rò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé èmi ni màá wá jókòó, kí ògiri wó lu ọmọ ọlọ́mọ?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ sí káńsù. Ọ̀gá ayẹ̀léwò yẹn, Oníbíró ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ń pè é, torí bíró pupa rẹ̀ kì í kúrò létí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Kò pa ojú dé.

"Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n dí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni?"

"Mo bi ẹnì kan. Òun náà ò mọ̀. Mi ò wádìí síwájú sí i."

Ó tẹ̀ lé mi wá, ó wo ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti ẹ̀gbẹ́ títì yẹn pa pátápátá. Ó ní ká yọ sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí ògiri tí igi ti tì síta má baà ṣubú padà lójijì. Ó ní kí n fi gíláàsì tuntun sí òkè ògiri nínú gbọ̀ngàn, níbi tó ti là jù. "Bí gíláàsì yìí bá fọ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní dúró de ọjọ́ tí a dá. Màá kọ̀wé pé kí wọ́n wó o." Ó fi bíró padà sétí, ó lọ.

Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sì bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

À ń fi òòlù kékeré gbẹ́ sìmẹ́ńtì. Láàárín la ti bẹ̀rẹ̀, à ń lọ sí igun, apá kékeré kan lójúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Igi àkọ́kọ́ tí Káfíńtà yọ nílẹ̀ ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó bà á lágbọ̀n. Ó jókòó sílẹ̀, ó di àgbọ̀n mú, ó ní òun ti mọ bí ó ṣe rí lára ògiri.

Ojú ọjọ́ gbẹ. Mo ń wo gíláàsì láàárọ̀, ní ọ̀sán, kí n tó lọ sílé. Ó wà lódindi.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo bá Ìyá jà. Rárá, òun ló bá mi jà.

Èdè ọwọ́ tí àwọn obìnrin ìhunṣọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ la fi ń sọ̀rọ̀ nílé wa, òun náà ló fi bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń rù. Mo sọ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn sọ ọ́, àwọn aládùúgbò sì gbọ́: "Ilé yẹn jẹ mí létí! Mi ò gbọ́ ohùn àbúrò ẹ rí láti ọjọ́ tí mo bí i. Tó bá fẹ́ wó, kí ló dé tó ò jẹ́ kó wó?"

Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ àdúgbò, mo ní èyí tí mo máa ń sọ fún káńsù. Kò sí èyí tó ṣeé sọ fún un nínú wọn. Mo kàn fi ọwọ́ sọ pé: ohun tí ilé yẹn gbà lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ kó san díẹ̀ padà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Igbe

Gíláàsì ti fọ́.

Mo dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo jókòó lórí òkìtì igi. Má-kánjú sún mọ́ mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Gíláàsì tuntun ló yọ, ó ti gé e tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n kan náà. "Kò sẹ́ni tó tíì rí i, Ọ̀gá. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ á gbẹ kí wọ́n tó dé."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi: mo gbà á. Mo dì í mú títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ya mí lọ́wọ́. Mo rí tábìlì àwọn ọmọ náà, mo rí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí àwọn ọmọ tó jókòó sí i, àti ohun tó wà lókè orí wọn. Mo dá gíláàsì padà fún un, mo ní kó má fọwọ́ kan èyí tó fọ́. Mo pe Oníbíró.

Ó ní ọ̀la. Báwo ni mo ṣe máa sùn?

Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Ó dé láàárọ̀ kùtù, ó gun àkàsọ̀ lọ bá gíláàsì náà, ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Gbogbo wa wà nísàlẹ̀ bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Mo rí i tó fi ìka kan rọra tọ́ ojú ibi tó fọ́.

"Ta ló ti fọwọ́ kan èyí?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó ní kí n gun òkè wá wò ó. Èyí tó fọ́ lóṣù tó kọjá, ńṣe ló ya, tí àyè wà láàárín. Èyí ò ya. Etí méjèèjì gun orí ara wọn, ọ̀kan lé ìkejì. Kò sí ohun tó fà á ya. Ìhà méjèèjì ló fún un pọ̀ títí ó fi ṣẹ́.

"Ògiri yín ń padà sílé," ó ní. Ó fi irin ìwọ̀n wọn ibi tó là. Ìka mi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́, etí bébà ló kù tó lè wọ̀ ọ́. "Ká ní ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ ni, tuntun náà á tún fọ́, mi ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ fi nǹkan pa mọ́ ò ní wádìí ìdí. Á kàn wó o ni."

Mi ò wo ojú Má-kánjú. Òun náà ò wo tèmi. Oníbíró fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ gíláàsì mìíràn mọ́ ọn, ó fi bíró pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ó ní tí eléyìí bá wà lódindi dọjọ́ kejìdínlógún, pẹ̀lú èrò nínú gbọ̀ngàn, òun á fọwọ́ sí i. Bí kò bá wà lódindi, ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tó lọ tán, mo sunkún lẹ́yìn òkìtì igi. Káfíńtà rí mi, ó dibọ́n pé òun ń wá ìṣó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Gíláàsì òrùlé dé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú! A ti lẹ ìdajì rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Òrùlé ti pé. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹ̀kán omi kan tó wọlé. Àlàfo ti ṣí padà yí gbogbo gbọ̀ngàn ká. Àbúrò mi ló ní ká fi irin pẹlẹbẹ bò ó, ká kàn án mọ́ ilẹ̀ lápá kan ṣoṣo, kí igi lè máa yọ́ rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó fi àga rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, ó padà, ó tún kọjá. "Ọlọ́kọ̀ ti yege!"

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gíláàsì wà lódindi ní àárọ̀. Ó wà lódindi ní ọ̀sán. Mo fẹ́ máa lọ sílé, mo padà lọ wò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Oníbíró ní ká jẹ́ kí èrò wọlé, kí wọ́n rìn, kí wọ́n fò bó bá wù wọ́n. Wọ́n wọlé. Àwọn ọmọdé ò dúró kí a tún un sọ. Ilẹ̀ dún gbì, gbì, gbì. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹnikẹ́ni nínú wọn, torí ojú mi ò kúrò lára gíláàsì yẹn. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì pàápàá wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ sí inú, kò bọ́ sí ìta.

Àbúrò mi fa aṣọ mi. "Àǹtí mi, ẹ wẹ̀yìn."

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò kẹ̀yìn sí ilé lónìí. Ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ irin tó bo àlàfo wò, bí ẹni ń tẹ omi wò bóyá ó gbóná, ó sì kọjá. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó gba àárín gbọ̀ngàn lọ tààrà, ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà, ó dúró díẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá sídìí ògiri ìlà-oòrùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e.

Mo rántí ohun tó sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré, pé nígbà tí etí òun lọ, ọwọ́ lára ògiri yẹn lòun fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, torí látàárọ̀ dalẹ́ ni ògiri ń gbọ̀n.

Àwọn ọmọ ń fò. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń hó bí ọjà. Ìyá ò kúrò níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ó fi ohùn gíga rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ sọ̀rọ̀, gbogbo ilé sì yíjú sí i:

"Ó ti dákẹ́."

Oníbíró gbójú sókè wo gíláàsì tó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Gíláàsì wà lódindi. Lẹ́yìn náà ó yọ bíró létí, ó ní kí n mú ìwé wá.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mi ò jáde lọ wo nǹkan kan.